Ewé Tí À Ń Dáná Sun

 Púpọ̀ nínú àwa tí a ń gbé ní Zaria àti agbègbè rẹ̀ ni ó ń dá oko díẹ̀ mọ́ iṣẹ́ òòjọ́, ilẹ̀ tí a sì ń rí yá kì í sábà jẹ́ ilẹ̀ ọlọ́ràá. Ó ti ṣá, ajílẹ̀ òyìnbó sì gbówó lórí. Nígbà tí ẹ̀wà kò bá so dáadáa, a ó tún gbé owó lọ ra ohun tí a gbìn.

Síbẹ̀, a ń gbá ewé máńgòrò àti dóńgóyárò jọ láàárọ̀, a ń sun ún níná! Àwọn baba wa tí ń fi koríko bo orí ebè iṣu, ṣé wọ́n gọ̀ ni?

Nǹkan bí oṣù márùn-ún ni òjò fi ń rọ̀ níhìn-ín, kíkankíkan ni ó sì ń rọ̀. Bí ilẹ̀ bá wà níhòòhò, àgbàrá a gbá erùpẹ̀ rere lọ, èyí tí ó kù a dì gan-an. Ewé ń jẹ́ kí omi rọra wọlẹ̀, bí òjò bá sì dá, abẹ́ rẹ̀ ṣì ń tutù. Bí ó bá jẹrà, ó di oúnjẹ fún ilẹ̀. Ewé jogbo, olódòdó yẹ́lò ẹ̀bá ọ̀nà nì, tètè ń jẹrà ju ti máńgòrò lọ. Àwọn olùwádìí ní ìwọ̀-oòrùn Kenya rí i ní àwọn ọdún 1990 pé nínú 100 kílò ewé rẹ̀ gbígbẹ, náítírójìn tó bíi kílò 3 àbọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀wà ń rí náítírójìn mú láti inú afẹ́fẹ́ (ẹ fa ọ̀kan tu, kí ẹ la kókó ara gbòǹgbò rẹ̀, bí inú rẹ̀ bá pọ́n, ó ń ṣiṣẹ́). Fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì ni ó máa ń wọ́n ọn, nítorí náà ẹ fi ìgbẹ́ adìẹ díẹ̀ kún un.

Èmi náà ṣe àṣìṣe. Lọ́dún àkọ́kọ́, ọjọ́ tí mo gbìn ín gan-an ni mo da ewé bò ó, ó nípọn bí ìrọ̀rí. Díẹ̀ ni ó hù, ìyá àwọn ọmọ sì fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí di ìkórè. Lọ́dún kejì, mo dúró kí ẹ̀wà yọ ewé dáadáa, mo wá tẹ́ ewé gbígbẹ sí àárín wọn, ìnípọn ìka mẹ́ta, kò kan ìdí wọn. A kò ra ẹ̀wà títí di oṣù Ẹrẹ́nà.

Ọ̀rọ̀ kan kù. Ẹni tí ó bá gbin igi sórí ilẹ̀ àyálò lè bá onílẹ̀ ṣẹjọ́, nítorí igi a máa dà bí ẹ̀rí pé ilẹ̀ ti di tirẹ̀. Ewé kò lẹ́jọ́ nínú. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni ó ń wọ́ jù, nítorí náà ẹ máa kó o sínú àpò òfìfo láti ìsinsìnyí, kí ẹ sì gbé e síbi tí ewúrẹ́ kò ti ní dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.