Ṣé O Mọ̀? Áńbúláǹsì Oníná, Owó Ìlera, àti Etíkun Àgbádárìgì

Ṣé o mọ̀ pé áńbúláǹsì oníná ti wà kí ọ̀pọ̀ àwọn bàbá ńlá wa tó fojú kan mọ́tò? Ní oṣù Kẹsàn-án 1901, nígbà tí wọ́n yìnbọn lu William McKinley, ààrẹ Amẹ́ríkà, nílùú Buffalo, ọkọ̀ tó ń fi bátìrì rìn ni wọ́n fi sáré gbé e lọ gba ìtọ́jú. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni bẹntiróòlù tó gba ojú títì.

Ṣé o mọ̀ pé ó di oṣù Kẹwàá 2020 kí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ní áńbúláǹsì pàjáwìrì àkọ́kọ́ tó jẹ́ pé iná nìkan ló ń lò? Àjọ West Midlands Ambulance Service ló gbé e jáde. Tí bátìrì rẹ̀ bá kún, ó lè rin nǹkan bí 170 kìlómítà. Láti Àgbádárìgì dé àárín Èkó jẹ́ nǹkan bí 60 kìlómítà, àlọ àti àbọ̀ jẹ́ 120. Ó tó lọ, ó tó bọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ amúlétutù, ẹ̀rọ tó ń fún aláìsàn ní afẹ́fẹ́, àti iná inú ọkọ̀, bátìrì kan náà ni gbogbo wọn ń mu, bátìrì sì máa ń gbó.

Ṣé o mọ̀ pé ọkọ̀ oníná ti ń ná ojú ọ̀nà Àgbádárìgì tipẹ́? Rélùwéè Blue Line ni. Ọjọ́ 4 oṣù Kẹsàn-án 2023 ló bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò láti Mile 2 dé Marina, 13 kìlómítà. Okokomaiko ni wọ́n fẹ́ kó dé, kó di 27. Tó bá tiẹ̀ dé ibẹ̀, ẹni tó wà ní Àgbádárìgì ṣì ní ọ̀nà tó jìn láti rìn kó tó kàn án.

Ṣé o mọ̀ pé tí o bá kọjá ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀, ọ̀kadà oníná ti di ohun tí ojú ń rí lójoojúmọ́? Láti 2022 ni ilé iṣẹ́ tí a mọ̀ sí Spiro lónìí ti bẹ̀rẹ̀ ní orílẹ̀-èdè Benin àti Tógò. Ọlọ́kadà kì í jókòó ti cháàjì. Á yọ bátìrì tó ti tán, á gba èyí tó kún, á máa bá iṣẹ́ lọ. Ọgbọ́n yìí gan-an ni áńbúláǹsì abúlé nílò, torí ẹni tó ń rọbí kò lè dúró de bátìrì.

Ṣé o mọ̀ pé omi ni ọ̀nà àkọ́kọ́ fún àwọn aláìsàn kan ní etíkun yìí? Erékùṣù Gberefu, tí àwọn àjèjì ń wá wò nítorí ọ̀nà tí wọ́n kó àwọn ẹrú gbà, ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n fi ń ti ibẹ̀ dá ọ̀sà kọjá wọ ìlú. Áńbúláǹsì tó dára jù lọ láyé, ìhà kejì ọ̀sà ló máa dúró sí. Ìjọba Èkó ní ètò kan tí wọ́n ń pè ní Omi Èkó, tí àwọn ará Yúróòpù ń bá wọn fi owó sí, €410 mílíọ̀nù, ọkọ̀ ojú omi oníná sì wà nínú ohun tí wọ́n fẹ́ fi owó náà ṣe. Ó wù mí kí ọ̀kan nínú wọn ní ibùsùn aláìsàn, kó sì dúró sí Àgbádárìgì.

Ṣé o mọ̀ pé omi iyọ̀ àti bátìrì líthíọ́ọ̀mù kì í ṣe ọ̀rẹ́? Lẹ́yìn ìjì Ian tó jà ní Florida ní oṣù Kẹsàn-án 2022, àwọn mọ́tò oníná tí omi òkun bò mọ́lẹ̀ gbiná. Etíkun tí òkun ń gun orí ilẹ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ ro èyí kó tó yan ibi tí yóò kọ́ ilé cháàjì sí.

Ṣé o mọ̀ pé ìdádúró mẹ́ta ló ń pa ìyá ọlọ́mọ? Serene Thaddeus àti Deborah Maine ló kọ ọ́ sílẹ̀ ní 1994: ìdádúró kí ẹbí tó pinnu láti gbé e lọ, ìdádúró lójú ọ̀nà, ìdádúró kí wọ́n tó dá a lóhùn ní ilé ìwòsàn. Ọkọ̀ kò lè wo ju ìkejì lọ. Síbẹ̀, owó ọkọ̀ wà lára ohun tí ń jẹ́ kí àkọ́kọ́ gùn, torí ẹbí á kọ́kọ́ ṣírò iye tó wà lọ́wọ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé fojú díwọ̀n rẹ̀ pé ní 2023, nǹkan bí 75,000 obìnrin ló kú ní Nàìjíríà nítorí oyún tàbí ìbímọ. Iye náà ju ìdámẹ́rin ti gbogbo àgbáyé lọ.

Ṣé o mọ̀ pé òfin ti dá sí ọ̀rọ̀ yìí? Òfin Ìlera ti 2014 sọ pé ilé ìwòsàn tàbí òṣìṣẹ́ ìlera kankan kò gbọdọ̀ kọ ẹni tó wà nínú ewu, ohun yòówù kó fà á. Ẹni tó bá kọ̀ ọ́, owó ìtanràn ₦100,000, tàbí ẹ̀wọ̀n tí kò ju oṣù mẹ́fà lọ, tàbí méjèèjì. Òfin kan náà ló ya owó sọ́tọ̀: ó kéré tán, ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó àpapọ̀ ìjọba Nàìjíríà fún ìlera alábọ́ọ́dé. Nínú ìyẹn, ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ni ti ìtọ́jú pàjáwìrì. Jẹ́ ká fọwọ́ ṣírò rẹ̀. Tí ₦100 bá wọ àpò ìjọba, ₦1 ló bọ́ sínú ètò yìí. Nínú ₦1 náà, kọ́bọ̀ márùn-ún ni ti pàjáwìrì. Kọ́bọ̀ márùn-ún ló máa gbé aláìsàn láti Sókótó dé Àgbádárìgì.

Ṣé o mọ̀ pé Abuja ni àwọn olórí Áfíríkà ti ṣèlérí, ní oṣù Kẹrin 2001, pé ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún ìṣúná wọn yóò lọ sí ìlera? Nàìjíríà ló gbà wọ́n lálejò. Ìjọba àpapọ̀ wa kò tíì dé ibẹ̀ rí.

Ṣé o mọ̀ pé nínú ₦100 tí a ń ná sí ìlera ní Nàìjíríà, ó lé ní ₦70 tó ń jáde látinú àpò aláìsàn àti ẹbí rẹ̀?

Ibí yìí ni mo fẹ́ dúró sí díẹ̀, torí níbí ni iná àti owó ti pàdé. Rírà áńbúláǹsì kọ́ ni ìṣòro. Ọjọ́ tí wọ́n bá rà á, wọ́n á ya fọ́tò. Epo ni. Ní òpin oṣù Karùn-ún 2023, wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo. Lítà bẹntiróòlù tí kò tó ₦200 kọjá ₦600 kí oṣù Keje tó parí, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ₦1,000 ní Èkó ní oṣù Kẹwàá 2024. Tí owó epo kò bá sí nílẹ̀ ní ilé ìwòsàn, ta ni wọ́n máa ní kó rà á lóru? Ẹbí ẹni tó ń kú lọ. Wàyí o, wo kẹ̀kẹ́ Márúwá oníná tí bátìrì rẹ̀ ń gba yúníìtì 8. Ní ₦225 yúníìtì kan, iye tí wọ́n gbé owó iná Band A lọ ní oṣù Kẹrin 2024, ₦1,800 ló máa kún, ó sì lè rìn tó 100 kìlómítà. Tí sólà bá wà lórí òrùlé ilé ìwòsàn náà, owó ojoojúmọ́ yẹn gan-an yóò kúrò. Èkó ti ṣe irú rẹ̀ rí: ètò sólà tí ìjọba ìpínlẹ̀ àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jọ ṣe kan ilé ẹ̀kọ́ 172 àti ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé 11. Nínú ètò ìṣúná, owó rírà ọ̀tọ̀, owó ìtọ́jú ọ̀tọ̀. Èyí kejì ni kí o máa wá: owó awakọ̀ alẹ́, owó nọ́ọ̀sì inú ọkọ̀, owó bátìrì tuntun lẹ́yìn ọdún mélòó kan. Ibi tí kò bá ti sí níbẹ̀, ọkọ̀ yóò kú síbi tí wọ́n gbé e sí, ìbáà jẹ́ oníná tàbí elépo.

Ṣé o mọ̀ pé Oǹdó ti gbìyànjú rẹ̀ ní 2009? Ètò Abiyẹ, tó bẹ̀rẹ̀ ní ìjọba ìbílẹ̀ Ifẹ́dọrẹ̀, fún aláboyún ní fóònù, ó sì yan òṣìṣẹ́ tó ń fi ọ̀kadà lọ bá wọn nílé. Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ló wà lára àwọn áńbúláǹsì rẹ̀, torí ó wọ ọ̀nà tí bọ́ọ̀sì kò lè wọ̀.

Ṣé o mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo ọkọ̀ pàjáwìrì ló ní táyà? Láti 2019 ni àwọn ọkọ̀ òfúrufú kéékèèké Zipline, tó ń fi bátìrì fò láìsí awakọ̀, ti ń gbé ẹ̀jẹ̀ àti oògùn lọ sí ilé ìwòsàn ìgbèríko ní Gánà.

Ṣé o mọ̀ pé ní 2018, nígbà tí adójútòfò Ìlera Èkó bẹ̀rẹ̀, ₦8,500 lọ́dún ni ti ẹnì kan, ₦40,000 ni ti ìdílé ẹni mẹ́fà?

Ṣé o mọ̀ ohun tí wọ́n fi ń san oore fún awakọ̀ tákísí ní Gombe? Níbẹ̀, ẹgbẹ́ awakọ̀ NURTW àti àjọ Transaid kọ́ àwọn awakọ̀ bí wọ́n ṣe lè gbé aláboyún dé ilé ìwòsàn. Wọn kì í gba owó iṣẹ́. Nígbà tí awakọ̀ náà bá padà dé gáréèjì, iwájú ìlà ni wọ́n máa fi í sí, òun ló máa kọ́kọ́ kó èrò. Gáréèjì pọ̀ láti Agbárá dé Sẹ̀mẹ̀, ìlà sì wà níbẹ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́.

Ṣé o mọ̀ pé 767 tàbí 112 ni nọ́ńbà pàjáwìrì Èkó, láìsan owó ìpè? Tí o bá pè é láti ìhà ọ̀dọ̀ wa, dárúkọ ibùdókọ̀ tó súnmọ́ ọ, tó bá sì jẹ́ erékùṣù lo wà, dárúkọ èbúté tí ọkọ̀ yín máa gúnlẹ̀ sí.