Kíkọ Láìdáwọ́dúró: Ọ̀nà kan sí Ewì Ọmọdé

Bí a bá ní kí àwọn ọmọ kọ ewì, ewì tí olùkọ́ ti kà fún wọn ni ọ̀pọ̀ ń tún kọ, tí wọn yóò kàn pààrọ̀ orúkọ inú rẹ̀. Mo fara mọ́ ọ̀nà tí Peter Elbow, ará Amẹ́ríkà, là sílẹ̀ nínú Writing Without Teachers ní ọdún 1973: kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀wé fún ìṣẹ́jú 10 láìdáwọ́dúró, láìpa ohunkóhun rẹ́. Bí ọ̀rọ̀ bá tán lẹ́nu rẹ̀, kí ó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ títí òmíràn yóò fi dé.

Òjò àkọ́rọ̀ ni mo sábà máa ń fi bẹ̀rẹ̀. Mi ò kì í béèrè àmì ohùn nígbà náà (mo mọ̀ pé èyí yóò bí àwọn kan nínú). Ìgbà tí wọ́n bá ń dà á kọ ni mo ń béèrè rẹ̀. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 10, ọmọ yóò fàlà sábẹ́ ibi tí ó dùn mọ́ ọn jù, yóò sì kà á sókè. Etí ni yóò sọ ohun tí ó yẹ kí ó tún wí. Ẹ wo èyí:

Òjò lu páànù, páànù ké,
Òjò lu ìyá àgbà, ìyá àgbà rẹ́rìn-ín.

Àwítúnwí nìyẹn, kí a tó kọ́ ọ ní orúkọ rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń yẹ ìwé ìdánwò wò, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má yọ máàkì irú ọmọ bẹ́ẹ̀ nítorí pé ìparí ìlà méjèèjì kò dún bákan náà. Ewì àbáláyé wa kò béèrè ìyẹn.