Róbọ́ọ̀tì Tó Dákẹ́ Kò Tíì Kú

Apá róbọ́ọ̀tì kékeré kan ni mò ń lò fún iṣẹ́ ìwádìí mi. Lọ́jọ́ kan, ó kàn dúró. Mo rò pé ó ti parí iṣẹ́ ni, mo bá na ọwọ́ sábẹ́ rẹ̀ kí n mú nọ́ọ̀tì kan tó já bọ́.

"Yọ ọwọ́ ẹ!" Ọ̀gá wa ló pariwo. Bí mo ṣe fa ọwọ́ yọ báyìí ni apá náà gbá kọjá. Àṣé kò parí iṣẹ́ rárá! Ńṣe ló ń dúró kí sensor sọ fún un pé nǹkan ti dé iwájú rẹ̀. Ọwọ́ mi ni sensor rí.

Tèmi kéré. Ní ọjọ́ 25, oṣù kìíní, 1979, Robert Williams, ẹni ọdún 25, gun orí pẹpẹ ìkẹ́rùsí ní ilé iṣẹ́ Ford ní Flat Rock, ìpínlẹ̀ Michigan, láti fọwọ́ kó ẹrù. Róbọ́ọ̀tì tó ń kó ẹrù níbẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́. Ó gbá a lórí, ó sì kú. Ní 1981, ní Japan, Kenji Urada wọ inú ọgbà róbọ́ọ̀tì kan ní ilé iṣẹ́ Kawasaki láti tún un ṣe. Ẹ̀rọ náà ò tíì kú tán. Ó tì í mọ́ ẹ̀rọ mìíràn.

Kì í ṣe pé róbọ́ọ̀tì bínú bíi ti inú fíìmù o. Kò tiẹ̀ mọ̀ pé èèyàn wà níbẹ̀. Tí iṣẹ́ bá ń lọ déédéé, ẹ̀yìn ọgbà wáyà ni gbogbo èèyàn máa ń wà. Ìgbà tí nǹkan bá há la máa ń wọlé tọ̀ ọ́.

Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń tún un ṣe fi ń lo àgádágodo. Wọ́n á pa swíìṣì ńlá tó ń gbé iná wọlé, oníkálukú á fi àgádágodo tiẹ̀ tì í, kọ́kọ́rọ́ á sì wà nínú àpò ẹni tó wọlé. Ẹ rántí ẹ̀rọ ata tí wọn ò pa swíìṣì rẹ̀ nígbà tí NEPA mú iná lọ. Wọ́n dá iná padà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ̀! Iná nìkan kọ́ sì ni: wọ́n tún gbọ́dọ̀ tú afẹ́fẹ́ tó há sínú páìpù, kí wọ́n sì fi nǹkan gbé apá tó wúwo ró kó má baà já lulẹ̀.

Nígbà mìíràn, iná gbọ́dọ̀ wà, bíi tí wọ́n bá ń kọ́ róbọ́ọ̀tì lọ́nà tí yóò máa gbà. Nígbà náà, kò gbọ́dọ̀ sáré ju mìlímítà 250 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan; ìyẹn ò tó gígùn rúlà kan. Ẹni tó ń kọ́ ọ á di rìmóòtù ńlá kan mú, swíìṣì kan sì wà lára rẹ̀ tí mo fẹ́ràn gan-an. Tí ẹ bá rọra tẹ̀ ẹ́, róbọ́ọ̀tì á lè rìn. Tí ẹ bá fi í sílẹ̀, á dúró. Tí ẹ bá fún un pinpin, á tún dúró! Ẹ̀rù ló fà á. Bí ẹ̀rù bá ba ẹlòmíì, á ju ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ẹlòmíì á dì í mú bí ẹni tí iná gbé. Àwọn tó ṣe swíìṣì yẹn ti ro ti àwọn méjèèjì.

Róbọ́ọ̀tì kékeré tiwa ò ní irú rẹ̀. Mo bi ọ̀gá wa léèrè, ó ní owó ni. Swíìṣì ara ògiri ṣáà ní ihò tí àgádágodo lè wọ̀, mo bá lọ ra ọ̀kan fúnra mi.