Sáfà Tí Kò Ní Ojú: Ẹ Má Ṣe Sanwó Fún Ohun Tí Kò Bàjẹ́

Lójú ewé okòwò wa lọ́tẹ̀ yìí, ohun kan tó ń gba owó lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò wa láìnídìí la fẹ́ sọ.

Bó ṣe sábà máa ń rí nìyí. Ènìyàn háyà sáfà Linux níbi tó jìnnà, ó fẹ́ kó ìwé owó ilé-iṣẹ́ rẹ̀ sínú Oracle Database níbẹ̀. Ó fi ssh wọlé, ó pàṣẹ runInstaller, ó ń retí fèrèsé tí yóò máa tẹ bọ́tìnì rẹ̀. Fèrèsé kò yọ. Ohun tó rí ni pé DISPLAY kò sí. Ló bá pe onímọ̀ kọ̀ǹpútà tó ń gbowó ní wákàtí-wákàtí. Bẹ́ẹ̀, kò sí ohun tó bàjẹ́. Sáfà náà kò ní ojú ni, kò mọ ibi tí yóò ya àwòrán sí.

X Window System, ètò tó ń ya fèrèsé lórí Linux àti Unix, bẹ̀rẹ̀ ní MIT ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1984. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti ṣe é kí iṣẹ́ lè wà lórí ẹ̀rọ kan, kí àwòrán rẹ̀ sì jáde lórí òmíràn. Ohun tó ń da ọ̀pọ̀ láàmú ni pé kọ̀ǹpútà iwájú yín gan-an ni wọ́n ń pè ní sáfà X, torí òun ló ní ojú. Ẹ fi XQuartz sórí Mac tàbí VcXsrv sórí Windows, kí ẹ wá fi ssh -X wọlé dípò ssh lásán. X11Forwarding yes gbọ́dọ̀ wà nínú sshd_config ti sáfà ọ̀hún, kí xauth náà wà níbẹ̀. Ẹ tẹ echo $DISPLAY; bó bá dáhùn localhost:10.0, ọ̀nà ti là. Ẹni tó bá fi su di oracle lẹ́yìn tó wọlé lè tún pàdánù ojú yẹn, torí àṣẹ xauth kò tẹ̀lé e. Ẹ kúkú fi orúkọ oracle wọlé tààrà.

Bí íntánẹ́ẹ̀tì yín bá ń falẹ̀, èyí á sú yín. VNC sàn jù, torí orí sáfà ni fèrèsé wà. Bí ìlà bá já, iṣẹ́ ń lọ. Àmọ́ ẹ má ṣe ṣí pọ́ọ̀tù 5901 sílẹ̀ fún gbogbo ayé. Lẹ́tà mẹ́jọ àkọ́kọ́ péré ni VNC àtijọ́ ń kà nínú pásíwọ́ọ̀dù, owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ yín ló sì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn yẹn. Ẹ gba inú ssh -L 5901:localhost:5901 kọjá.

Èyí tí àwa oníṣirò owó fẹ́ràn jù kò ní fèrèsé rárá. Ẹ kọ ìdáhùn sí gbogbo ìbéèrè sínú fáìlì kan, Oracle fúnra rẹ̀ ń fún yín ní àpẹẹrẹ rẹ̀, kí ẹ wá pàṣẹ runInstaller -silent -responseFile pẹ̀lú ibi tí fáìlì náà wà. Ohun tí ẹ yàn wà lákọsílẹ̀. Bí ayẹ̀wéwò bá béèrè, ẹ ní ohun tí ẹ máa fi hàn án. Kìkì pé pásíwọ́ọ̀dù máa ń wà nínú fáìlì yìí: ẹ fi chmod 600 dáàbò bò ó, kí ẹ sì pa pásíwọ́ọ̀dù náà rẹ́ kí ẹ tó tọ́jú rẹ̀ mọ́ ìwé ilé-iṣẹ́.