Ìkókó kì í gbọ̀n: Ẹ̀kọ́ tí eku kọ́ àwọn tó ń wẹ ọmọ tuntun

Láti Ìkòtún dé Ẹ̀gbẹ́dá, títí dé Ìgandò, ní ìjọba ìbílẹ̀ Alimosho ní Ìpínlẹ̀ Èkó, bí obìnrin bá ti bímọ tán, ìyá àgbà kì í pẹ́ dé pẹ̀lú kàìnkàìn, ọṣẹ àti àdí. Ìgbàgbọ́ ọ̀pọ̀ ìyá ni pé ọmọ tí wọn kò bá wẹ̀ mọ́ dáadáa lọ́jọ́ tí wọ́n bí i, òórùn yóò máa jáde lára rẹ̀ bó bá dàgbà. Nítorí èyí, ìwẹ̀ kì í dúró dọ̀la.

Ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ ìṣègùn ní ewu wà níbẹ̀. Bí òtútù bá mú àgbà, yóò gbọ̀n, ìgbọ̀n náà ni yóò sì mú ara rẹ̀ móoru. Ìkókó kò lè gbọ̀n bẹ́ẹ̀. Ọ̀rá kan tó pọ́n rúsúrúsú, tó wà láàárín èjìká rẹ̀ méjèèjì, ní ọrùn àti ní àyíká kíndìnrín, ni Ẹlẹ́dàá fi ṣe ààrò fún un. Ọ̀rá funfun ń tọ́jú agbára oúnjẹ pamọ́. Ọ̀rá pupa yìí ń jó o láti fi pèsè ooru.

Ara eku ni wọ́n ti rí bí ààrò náà ṣe ń ṣiṣẹ́. Lọ́dún 1997, Sven Enerbäck, Leslie Kozak àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn gbé ìwádìí jáde lórí àwọn eku tí wọ́n ti ba àbùdá àjogúnbá kan jẹ́ lára wọn. UCP1 ni wọ́n ń pe àbùdá náà, òun ló ń mú kí iná ọ̀rá pupa jó. Nígbà tí wọ́n gbé àwọn eku náà sínú òtútù, ara wọn kò gbà á, síbẹ̀ wọn kò sanra. Lọ́dún 2009, àwọn onímọ̀ ní Stockholm, lórílẹ̀-èdè Sweden, fi irú eku bẹ́ẹ̀ sí ibi tó móoru tó dígírì 30, wọ́n sì sanra. Oúnjẹ tí ara ì bá fi dáná ti di ọ̀rá. Àpò kan náà ni ara ti ń ná owó ooru àti owó ìdàgbàsókè.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ìkókó. Ọmú tí ó bá fi lé òtútù lọ, kò ní fi dàgbà. Ẹni tó mọ ooru Èkó lè ní òtútù kò lè mú ọmọ níbẹ̀, ṣùgbọ́n omi tó ń gbẹ lára ọmọ ń gbé ooru rẹ̀ lọ, pàápàá lásìkò ọyẹ́ àti òjò. Ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé ló wà nínú ewu jù, nítorí ọ̀rá pupa rẹ̀ kò tíì tó nǹkan.

Ìdí rèé tí Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, fi ní kí ìwẹ̀ àkọ́kọ́ dúró di wákàtí 24 lẹ́yìn ìbímọ. Kí wọ́n nu ọmọ gbẹ kíá, kí wọ́n gbé e lé àyà ìyá rẹ̀, ara sí ara, kí wọ́n dé fìlà fún un, kí wọ́n sì fi aṣọ bo àwọn méjèèjì. Bó bá rẹ ìyá ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé, bàbá tàbí ìyá àgbà lè gbà á sí àyà tirẹ̀. Ohun funfun tó lẹ̀ mọ́ ara ọmọ kì í ṣe ìdọ̀tí. Ààbò ni fún awọ rẹ̀.

Bí ara ọmọ bá tutù, tí kò sì fẹ́ mu ọmú, ilé ìwòsàn ló yẹ kí wọ́n gbé e lọ láìjáfara. Ti ìjọba wà ní Ìgandò fún àwọn ará Alimosho.

Ẹ̀yin ìyá àgbà, ní ìlú àti ní abúlé, kàìnkàìn kò ní sá lọ. Ẹ jẹ́ kí ọmọ kọ́kọ́ móoru. Ẹ ó wẹ̀ ẹ́ lọ́la.