Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Ọyẹ́ àti ẹja inú omi

Ẹ̀yin olùsìn ẹja Fìdítì àti Ìlọrà, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín gan-an. Láti nǹkan bí oṣù kọkànlá títí dé oṣù kejì, ọyẹ́ máa ń mú kí òru tutù, kí ọ̀sán sì gbóná janjan. Bí omi ṣe rí ni ara ẹja ṣe ń rí. Omi tí ooru rẹ̀ tó dìgírì 25 sí 30 ló bá àrọ̀ lára mu jù. Bó bá tutù ju bẹ́ẹ̀ lọ, oúnjẹ kì í tètè dà nínú ẹja, kì í sì í jẹun dáadáa.

Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ wa ṣì ń da oúnjẹ sómi láàárọ̀ kùtù tí omi ṣì tutù! Èyí tí ẹja kò jẹ á rì, á jẹrà, á sì máa jẹ atẹ́gùn inú omi tán. Àrọ̀ lè gòkè wá mí atẹ́gùn tó wà lókè omi. Epìyà kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, òun ló sì máa ń kọ́kọ́ kú.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fi ìwọ̀ pẹja lódò, ọ̀sán tí omi ti gbóná díẹ̀, tí ẹja sì ń jẹun, ni kẹ́ ẹ lọ lásìkò ọyẹ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní adágún, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí oòrùn kọ́kọ́ ta sómi kẹ́ ẹ tó fún ẹja lóúnjẹ, kẹ́ ẹ sì dín in kù.