Ìjà ẹrú l'Amẹ́ríkà ló gbé Bowen dé Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹni tó bá dé Ògbómọ̀ṣọ́ lónìí, tó rí ọsibítù Bowen, tó tún rí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn pásítọ̀ Onítẹ̀bọmi, yóò rò pé ìfẹ́ nìkan ló kó àwọn òyìnbó Amẹ́ríkà wá síbẹ̀. Ìfẹ́ wà níbẹ̀ lóòótọ́ o. Ṣùgbọ́n ìjà ni wọ́n kọ́kọ́ jà láàárín ara wọn kí wọ́n tó wá, ọ̀rọ̀ ẹrú ni wọ́n sì torí ẹ̀ jà. Àwọn ẹrú ọ̀hún, èèyàn dúdú bíi tiwa ni wọ́n.

Ní 1845 ni. Àwọn Onítẹ̀bọmi Amẹ́ríkà ti jọ ń ṣe é bọ̀ tipẹ́, àfi ìgbà tí àwọn ará Àríwá ní àwọn ò ní í rán ẹni tó bá ní ẹrú lọ wàásù mọ́. Inú bí àwọn ará Gúúsù. Ni wọ́n bá kóra jọ sí Augusta, ní ìpínlẹ̀ Georgia, wọ́n dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀, Southern Baptist Convention. Ẹgbẹ́ yìí gan-an, tí ìjà ẹrú bí, ló tún ní òun fẹ́ẹ́ gbé Ìhìnrere wá sílẹ̀ aláwọ̀ dúdú. Ẹ ò rí nǹkan!

Thomas Jefferson Bowen ni wọ́n rán wá. Ọmọ Georgia ni, 1814 ni wọ́n bí i. Sójà ni kó tó di oníwàásù: ó bá wọn gbógun ti àwọn Indian Creek ní 1836, ó tún lọọ jagun ní Texas. Ó gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì ní 1850, ó gbé Abẹ́òkúta, ó dé Ìjàyè, nígbà tó di 1855 ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ l'Ógbómọ̀ṣọ́. Àìsàn ò jẹ́ kó pẹ́ níbẹ̀, ọdún tó tẹ̀lé e ló padà sílé. Ìwé gírámà àti atúmọ̀ èdè Yorùbá tó kọ, Smithsonian ní Washington ló tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1858.

Ẹnì kan wà tí wọn kì í sábà dárúkọ. Church Vaughan ni, ọmọ Camden ní South Carolina. Bàbá ẹ̀, Scipio, ti ṣe ẹrú rí. Káfíńtà ni Church, òun ló ń bá àwọn oníwàásù yìí ṣiṣẹ́ ilé kíkọ́ nílẹ̀ Yorùbá. Àwọn tó yapa torí ẹrú, ọmọ ẹrú ló ń kọ́lé fún wọn! Kò padà sí Amẹ́ríkà mọ́. Èkó ló ti dolówó, ibẹ̀ ló kú sí ní 1893. Lára ìran ẹ̀ ni Lady Kofo Ademola.

Àfi bí ogun méjì ṣe dé lẹ́ẹ̀kan náà. Ìbàdàn kọjú ìjà sí Kúrunmí ní 1860, Ìjàyè tú ní 1862. L'Amẹ́ríkà, Àríwá àti Gúúsù wọ̀yá ìjà ní 1861. Ọkọ̀ ogun Àríwá dínà mọ́ èbúté Gúúsù, owó iṣẹ́ ìwàásù ò rí ọ̀nà gbà mọ́. Iṣẹ́ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ kú pátápátá, àfi ìgbà tí W. J. David dé ní 1875.

David yìí ni ọ̀rọ̀ sì dé ọwọ́ ẹ̀. Moses Ládèjọ Stone, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó gba orúkọ lọ́wọ́ òyìnbó oníwàásù tó tọ́ ọ, ti di pásítọ̀ láti 1880. Owó oṣù ẹ̀ ò tó o jẹ, ló bá ń fi òwò kún un. Ní 1888, David lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́ l'Ékòó, kò bi ìjọ. Òwò ẹrú ti tán l'Amẹ́ríkà láti 1865, ṣùgbọ́n ta ló ń bi ẹrú léèrè? Ohun tó dun àwọn ọmọ ìjọ nìyẹn. Ọ̀pọ̀ wọn dìde, wọ́n bá Stone jáde, wọ́n dá Native Baptist Church sílẹ̀, kò sí òyìnbó kankan lórí wọn. Ọdún 1914 ni ìhà méjèèjì tó wá para pọ̀ sínú ẹgbẹ́ kan, Mọ́jọlá Agbébí, aláwọ̀ dúdú, ni wọ́n sì fi ṣe ààrẹ àkọ́kọ́.

Kí èyí tó ṣẹlẹ̀, ilé-ẹ̀kọ́ pásítọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ l'Ógbómọ̀ṣọ́ ní 1898, Dókítà George Green sì ti dé ní 1907, òun ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwòsàn tó di ọsibítù Bowen lónìí.

Ní oṣù kẹfà 1995, ẹgbẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Augusta pàdé ní Atlanta, wọ́n sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú nítorí ẹrú. Ó ti pé 150 ọdún tí wọ́n ti yapa. Ògbómọ̀ṣọ́ sì ti ń gbọ́ ìwàásù wọn láti 140 ọdún sẹ́yìn.